Èésú Ọba Ìlú Dífèrèsé

Ẹ sún mọ́ ibí. Mo ní ẹ sún mọ́ ibí, kí òjò má baà máa ta sí yín lára, kí ẹ sì lè gbọ́ ohùn mi. Ẹ̀rín tí ẹ ń rín lábẹ́lẹ̀ yẹn, mo gbọ́ ọ. Ẹ ní Bàbá Ọdẹ́wálé ti tún gun orí àpótí èésú bí adìyẹ tó ń sàba. Ẹ rín dáadáa! Ọdún kejìlá rèé tí mo ti ń ṣe olórí èésú agboolé yìí, kò sí ọjọ́ kíkó kan tí ẹ kò bá mi lórí àpótí, kò sì sí ọjọ́ kan tí ẹ kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó dára. Òjò ti há wa mọ́lé, Àsàmú aláṣọ òkè tí ó kàn láti kó kò sì tíì dé. Ẹ ó gbọ́ ìdí rẹ̀ lónìí. Ọlásìndé àbúrò mi, ìwọ tí o fẹ̀yìn ti òpó yẹn, ìwọ náà dẹtí. Apá kan wà nínú ìtàn yìí tí n kò sọ fún ọ rí láti ogójì ọdún.

Ẹ̀yin mọ̀ mí. Èmi ni Ọdẹ́wálé ọmọ Ajíbọ́gbó, èmi tí mo fi ọta kan pa ẹfọ̀n méjì, tí ẹ̀kẹta fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sí ilé mi láti wá bẹ̀bẹ̀. Ẹni tí kò bá gbà gbọ́ kó lọ bi ẹfọ̀n náà. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kò ní ọta nínú, kò ní apó, agbára mi kò sì wúlò níbẹ̀ rárá.

Nígbà tí bàbá wa kú, a kò ní owó ìsìnkú. A yá owó lọ́wọ́ olóko ńlá kan tí ń jẹ́ Lárìnká, a sì fi Ọlásìndé ṣe ìwọ̀fà lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ òde òní kò mọ ohun tó ń jẹ́ ìwọ̀fà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni yóò máa jí lọ sí oko olówó, yóò máa kọ ebè títí oòrùn yóò fi le, kì í sì í ṣe pé iṣẹ́ náà ń dín gbèsè kù o! Èlé lásán ni iṣẹ́ yẹn. Gbèsè fúnra rẹ̀ jókòó síbẹ̀, kò mira. Ọlásìndé lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀. Ìgbà tí mo lọ wò ó, ó ti ń tẹ̀ bí àgbàlagbà, kò sì wò mí lójú.

Ohun kan ṣoṣo tó kù nílé wa ni iyùn ìyá wa, okùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àwọn olówò ọjà wa mọ̀ pé ìyà ń jẹ wá, iye tí wọ́n dá lé e kò tó owó ewúrẹ́ kan. Ọdẹ àgbà kan wá sọ fún mi pé ìlú kan wà lẹ́yìn Igbó Afurasí, pé fàdákà ni wọ́n fi ń wọn iyùn níbẹ̀. Ìyá wa tú iyùn lọ́rùn, ó dì í sínú àdìrẹ ògbólógbòó kan, ó ní, “Ọdẹ́wálé, má kó o fún ẹni tí o kò mọ ilé bàbá rẹ̀.” Mo ní, “Ìyá, ṣé ọmọdé ni mí ni?” Ẹ gbọ́ ẹnu mi!

Mo ti rin igbó iwin mẹ́rìndínlógún kí n tó wọ Igbó Afurasí, n kò rí irú rẹ̀ rí. Ẹyẹ ibẹ̀ kì í yé ẹyin sínú ìtẹ́, ẹnu ni wọ́n ń fi ẹyin wọn pamọ́ sí, nítorí náà kò sí èyí tó lè kọrin. Bí ọ̀bọ méjì bá bọ ara wọn lọ́wọ́, oníkálukú á dúró ka ìka ara rẹ̀ kó tó lọ. Àwọn igi ibẹ̀ ń yí èèpo wọn tẹ̀lé mi bí mo ti ń kọjá, wọ́n ń ṣọ́ mi. Ní àárín igbó ni iwin kan ti dìde sí mi, Abojúlẹ́yìn ni wọ́n ń pè é, ojú mẹ́fà ló ní, márùn-ún wà ní ìpàkọ́. A wọ̀yá ìjà. Mo gbé e ṣánlẹ̀, ó gbé èmi náà ṣánlẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín, ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ẹsẹ̀ ló sì yọ̀ mí. Ìgbà tó rẹ àwa méjèèjì, ó ní kí n já àlọ́ òun kí n tó kọjá.

Ó ní, “Ta ni ó ń jẹun nílé gbogbo ènìyàn, tí ẹnikẹ́ni kò rí àwo rẹ̀ rí?”

Mo ní, “Eku ni.” Ó ní kì í ṣe eku. Mo ní, “Ikán ni.” Ó ní kì í ṣe ikán. Mo ronú títí, mo ní, “Ikú ni.” Iwin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde ní ojú rẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, ó sì yà fún mi lọ́nà.

Mo ní, “N kò mà já a.”

Ó ní, “Máa lọ, ọdẹ. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n gan-an ni wọ́n ń wá lọ́hùn-ún.”

Bí mo ṣe dé Ìlú Dífèrèsé nìyẹn. Àwọn ará ibẹ̀ funfun bí ẹfun, wọ́n ń dé irun àgùntàn lé orí ara wọn. Láti ọgbọ̀n ọdún ni ọba wọn ti ń bá ọba òdìkejì odò jagun, nítorí àga kan tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ jókòó lé kó tó kú. Ogun a máa jẹ owó jù. Ọba wá fi owó lé fèrèsé: iye fèrèsé tí ilé rẹ bá ní ni wàá sanwó lé lórí. Ni àwọn ènìyàn bá fi bíríkì dí fèrèsé wọn. Ọba fi owó lé ààrò, wọ́n paná ààrò, wọ́n ń jẹ oúnjẹ tútù. Ọba kò kúkú dúró gba owó náà fúnra rẹ̀. Ó ta ìgbowó fún àwọn olówó ìlú, àwọn yẹn san án fún un lẹ́ẹ̀kan, wọ́n wá ń gba ìlọ́po méjì lọ́wọ́ aráàlú. Àwọn ni wọ́n ń pè ní akàfèrèsé. Bí wọ́n bá yọ lọ́nà, ìyá á fi ọwọ́ bo ẹnu ọmọ, kí ó má baà pariwo pé òun jẹ ẹran lánàá. Lóde, gbogbo ilé rí bí ilé òtòṣì. Lẹ́yìn bíríkì ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí n máa bọ̀.

Mo kan ilẹ̀kùn ilé kékeré kan. Ohùn obìnrin ní, “Ta nìyẹn?”

“Àlejò ni, ìyá.”

“Fèrèsé mélòó lo rí lára ilé mi?”

“Ẹyọ kan, ìyá.”

“Ta ló ní kí o kà á?”

Mo ní, “Ẹ̀yin ni ẹ bi mí, ìyá! Ọdẹ ni mí, n kì í ṣe akàfèrèsé.”

Ó ní kí n ti ọwọ́ mi bọ abẹ́ ilẹ̀kùn kí òun wò ó. Mo dùbúlẹ̀, mo ti ọwọ́ wọlé, ó tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi wò níbi tó ti le. Ó ní, “Ọwọ́ yìí ti ṣiṣẹ́ rí,” ó sì ṣílẹ̀kùn. Opó ni, ó ti dàgbà. Èmi ń pè é ní Ìyá Fèrèsé-Kan. Alágbẹ̀dẹ ni ọkọ rẹ̀, òun ló rọ gbogbo kọ́kọ́rọ́ ilé ìṣúra ọba, ọba kò sì san kọ́bọ̀ fún un títí ó fi kú, ìwé ìlérí ló fún un, irú èyí tí gbogbo ìlú fi ń ra búrẹ́dì. Ìyá náà bu búrẹ́dì gbígbẹ àti wàràkàṣì fún mi. Kí n tó fi kan ẹnu, ó gé díẹ̀ jẹ níwájú mi. Ó ní, “Má gba oúnjẹ lọ́wọ́ ẹni tí kò bá kọ́kọ́ jẹ nínú rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ èmi ni.” Àbí ẹ ò rí i? Ó kìlọ̀ fún mi. Ẹni méjì ti kìlọ̀ fún mi báyìí.

Lọ́jọ́ kejì mo kó iyùn lọ sí ọjà. Kí n tó rí ẹni tó máa wọ̀n ọ́n, mo gbọ́ tí akéde ọba ń ké pé kí ẹni méje méje para pọ̀, kí oníkálukú mú ohun iyebíye ilé rẹ̀ wá sínú àpótí ọba, pé yóò kan oníkálukú, yóò sì jẹ èrè tó ju ohun tó mú wá lọ. Ha! Inú mi dùn. Mo ní, “Èésú nìyí! Ohun tí wọ́n ń dá nílé wa!” Mo ronú pé bí mo bá ta iyùn, owó rẹ̀ á tó ra Ọlásìndé padà, bóyá ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá dá èésú, tó bá kàn mí, n ó ra Ọlásìndé padà, n ó sì kọ́lé fún ìyá wa. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Ẹ̀yin náà mọ bí a ti ń dá èésú. Ta ló máa ń sọ fún olórí èésú pé kó ṣí àpótí kí òun wò ó? Àfojúdi ni. Ìwọ á dá tìrẹ, ìwọ á dúró de ìgbà tí ó kàn ọ́. Bí mo ti ṣe nìyẹn. N kò bèèrè ìgbà tí wọn yóò kó, n kò bèèrè bí wọn yóò ti kó. Akọ̀wé Àpótí gba okùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó fún mi ní ìwé tí wọ́n lẹ ìda pupa mọ́, mo dọ̀bálẹ̀, mo dúpẹ́. Àwa méje náà ni alápatà kan, onígbàjámọ̀ kan, agbẹjọ́rò kan, obìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ ìbejì, Ìyá Fèrèsé-Kan tí ó fi òrùka ọkọ rẹ̀ sílẹ̀, àti èmi òmùgọ̀.

Ọ̀sẹ̀ keje pé. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ mi tó dára jù, mo mú àpò ńlá dání.

Akọ̀wé Àpótí wò mí, ó ní, “Ta ló kú?”

Mo ní, “Kò sẹ́ni tó kú, ọ̀gá akọ̀wé. Àlàáfíà ni gbogbo wa wà.”

“Kí lo wá ṣe nígbà náà?”

“Mo wá kó èésú mi ni.”

Ọkùnrin náà bọ́ irun àgùntàn rẹ̀ sílẹ̀, ó họrí. Ó wá là á yé mi pé lọ́dọọdún ni ọba yóò máa fún àwa méjèèje ní èrè díẹ̀. Bí ẹnìkan bá kú, èrè tirẹ̀ á di ti àwọn tó ṣẹ́kù. Ẹni tó bá gbẹ̀yìn gbogbo wa ni yóò máa jẹ èrè ẹni méje. Mo ní, “Iyùn mi ńkọ́?” Ó ní, “Iyùn ti wọ ilé ọba. Kí lo rí rí tó wọ ilé ọba tó jáde?”

Orí mi fò lọ. Páńsá kò fura, páńsá já síná! Ibẹ̀ ni mo jókòó sí lórí àtẹ̀gùn, mo ń rí Ọlásìndé lójú inú mi níbi tó ti ń kọ ebè, mo sì sunkún. Bẹ́ẹ̀ ni, mo sunkún. Ẹni tó bá fẹ́ rín, kó rín.

Kí n tó délé Ìyá Fèrèsé-Kan tí mo wọ̀ sí, ọ̀rọ̀ ti kárí ìlú pé ọdẹ dúdú tó ní ìbọn ti lọ bèèrè ìgbà tí yóò kan òun. Ẹ wo ohun tí wọ́n ti rò: pé mo fẹ́ pa àwọn yòókù kí n lè gbẹ̀yìn! Agbẹjọ́rò fi irin kún ilẹ̀kùn rẹ̀. Alápatà kò jẹ ohun kan mọ́ àfi ẹyin tí òun fúnra rẹ̀ bó. Kò sí ẹni nínú wa tó jẹ́ kí onígbàjámọ̀ fi abẹ kan àgbọ̀n òun mọ́, irùngbọ̀n àwa ọkùnrin kún dé àyà. Àwọn ìbejì tí wọ́n ti ń sùn lórí ẹní kan láti kékeré pín ilé sí méjì, wọ́n fi ògiri bíríkì sáàárín. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan a bá búrẹ́dì olóyin lẹ́nu ọ̀nà wa. Adìyẹ ìyá yìí sá wọlé pẹ̀lú èérún rẹ̀ lẹ́nu, ó yí po lẹ́ẹ̀kan, ó kú. Èmi àti ìyá wo ara wa.

Ó ní, “Èmi ni wọ́n fẹ́ pa, àbí ìwọ?”

Mo ní, “N kò mọ̀, ìyá.”

Ó ní, “Àbí ìwọ lo gbé e síbẹ̀?”

Mo búra. Ó ní kí n má bínú, òun kàn ní láti bèèrè ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín, nítorí mo ti dàgbà ju irọ́ lọ. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ìyá náà húkọ́ nídìí ààrò rẹ̀ tí kò níná, inú mi sì dùn. Mo ń kà á pé bí ó bá lọ, ó ku márùn-ún. Obìnrin tó ń kọ́kọ́ tọ́ oúnjẹ wò fún mi! Ojú ara mi tì mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo dìde, mo ní ìlú yìí yóò sọ mí di ohun tí ìyá mi kò bí. Mo pinnu pé n ó lọ mú iyùn wa fúnra mi.

Mo dúró di ọ̀sán gangan, ìgbà tí àwọn ẹ̀ṣọ́ máa ń tòògbé. Mo sọ ọ̀rọ̀ tí bàbá mi fi lé mi lọ́wọ́: alángbá kì í kan ilẹ̀kùn, ihò ara ògiri ni ọ̀nà rẹ̀, ògiri tó lanu ni alángbá ń wọ̀. Mo di alángbá, mo gba ihò kọ́kọ́rọ́ wọ ilé ìṣúra ọba. Ẹ̀yin ará mi, àpótí tó wà níbẹ̀ kò ṣeé kà. Irin ni gbogbo wọn, àgádágodo ńlá ńlá wà lẹ́nu wọn. Mo wọ èkíní, ó ṣófo. Mo wọ èkejì, aláǹtakùn ló wà níbẹ̀. Mo wọ ogún, mo wọ ogójì. Kò sí fàdákà, kò sí wúrà, kò sí iyùn ìyá mi.

Ìgbà tí mo jáde nínú èyí tó gbẹ̀yìn, mo ti padà di ènìyàn, mo sì rí ọkùnrin kan tó dé adé, tó jókòó lórí àpótí kan, tó ń jẹ búrẹ́dì gbígbẹ. Kò pariwo. Ó kàn fa ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra, ó ní, “Èló ni mo jẹ ọ́?”

Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, “Kábíyèsí, okùn iyùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.”

Ó ní, “Ó ti di ọta ìbọn láti oṣù tó kọjá. Ó sì ti tàsé.”

Mo ní, “Kí wá ni Kábíyèsí ń ṣe níbí?”

Ó ní, “Ọ̀sánọ̀sán ni mo máa ń wá jókòó síbí fún wákàtí méjì. Àwọn tó wà lóde á rò pé mo ń kówó kà.” Ó gbọn èérún búrẹ́dì kúrò lórí aṣọ rẹ̀. “Ọdẹ, bí o bá jáde tí o pariwo, ìwé ọwọ́ gbogbo ìlú yóò di ewé gbígbẹ lọ́jọ́ náà. Oníbúrẹ́dì kò ní í gba ìwé mọ́. Àwọn ọmọ ogun tí n kò tíì sanwó fún yóò já wọ ilé tó ní fèrèsé àti ilé tí kò ní. Bí o bá dákẹ́, wọn yóò máa jẹun. Èwo lo fẹ́?”

Ìgbà náà ni mo já àlọ́ Abojúlẹ́yìn: ọba ni. Ó ti pẹ́ jù.

Mo padà sílé opó náà. Ó ti dúró dè mí pẹ̀lú òòlù alágbẹ̀dẹ ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sá, mo rò pé orí mi ló fẹ́ fọ́. Ògiri ló kọjú sí. Ó yọ bíríkì kan níbi tí fèrèsé rẹ̀ àtijọ́ wà, ó yọ èkejì, ó sì fa aṣọ jáde. Síbí fàdákà mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀. Ó ní ìwọ̀nyí ni ìyá òun fi sin òun sílé ọkọ, akàfèrèsé kankan kò rí i rí. Ó ní kí n ta ìwé mi fún òun, kí n gba síbí, kí n máa lọ sílé. Ó ní, “Gbogbo ìlú ń bẹ̀rù rẹ. Bí o bá lọ, àwọn márùn-ún yòókù á sùn, èmi náà á ní ìwé méjì.”

Síbí mẹ́jọ! Méje ti tó ra Ọlásìndé. Mo la ẹnu. Ẹ̀rí ọkàn mi ní kí n sọ fún un pé àpótí ṣófo, pé ìwé tó fẹ́ rà kò tó ohun tí a fi ń dáná. Mo ní, “Ìyá, ní ilé ìṣúra lónìí, mo rí—”

Ó fi ọwọ́ bò mí lẹ́nu. Ó ní, “Má sọ ọ́. Bí o bá sọ ọ́, mo ti gbọ́ ọ. Ìwé ni n ó fi ra búrẹ́dì lọ́la.”

Mo ṣì lè sọ ọ́. Ọwọ́ ìyá arúgbó kò le tó ẹnu ọdẹ. Mo gba síbí, mo fún un ní ìwé mi, mo dákẹ́, mo gba ọ̀nà Igbó Afurasí padà. Abojúlẹ́yìn rí mi, kò bi mí ní àlọ́ kankan mọ́.

Mo fi síbí méje lé Lárìnká lọ́wọ́, ó bù ú jẹ kó tó gbà á. Lọ́jọ́ náà ni Ọlásìndé gbé ọkọ́ rẹ̀ délé. Mo sọ fún un pé mo ta iyùn lérè. Ìkẹjọ rèé, ẹ gbà á, ẹ wò ó, kí ẹ sì dá a padà o, mo ti ka orí yín. Láti ìgbà náà, bí àpótí èésú bá wà nílẹ̀, èmi ni n ó jókòó lé e. Ìfura loògùn àgbà.

Ọlásìndé, kí ló dé tí o dìde? Kí lo wí? Ìyá náà ńkọ́? N kò mọ̀, àbúrò mi. Bóyá ó mọ̀ pé àpótí ṣófo, ọkọ rẹ̀ ló kúkú rọ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Bóyá kò mọ̀. Bóyá ó jẹ búrẹ́dì títí ó fi kú, bóyá wọ́n dá a padà lẹ́nu ọ̀nà oníbúrẹ́dì lọ́jọ́ kejì. Ogójì ọdún ni mo ti ń bi ara mi.

Ẹ̀n? Sọ ọ́ sókè kí wọ́n gbọ́.

Ó ní kí n dìde lórí àpótí. Ó ní ọba náà jókòó lé tirẹ̀, kí n dìde kí wọ́n wo inú eléyìí.

Ẹ dákẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń pariwo lé e lórí! Kò rí mi fín. Ìbéèrè tí ó yẹ kí n bi akọ̀wé ọba lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ló bi mí yẹn, ì bá sì ṣe pé mo bi í, iyùn ìyá wa kò bá di ọta ìbọn tó tàsé, ojú opó kan kò bá sì máa wò mí nígbà tí mo bá fẹ́ jẹun. Ẹ fà mí dìde, eékún ń dùn mí. Àsàmú ti ń bọ̀ lábẹ́ òjò yẹn, ẹ jẹ́ kó wọlé kó bá wa kà á. Kọ́kọ́rọ́ rèé, Ọlásìndé. Ìwọ ni kí o ṣí i.